Ọjọ́ Tí Wọ́n Mú Abẹ́rẹ́ Nítorí Ìdí Sòkòtò

Gbogbo àdúgbò ló ń pe aránṣọ náà ní Abẹ́rẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ àbí ẹnu rẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń jókòó sídìí maṣíìnì kan náà, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó kọjú sí oríta, tó ń gé, tó ń rán, tó sì ń sọ òótọ́ fáwọn oníbàárà rẹ̀. Bí obìnrin kan bá ní kó rán aṣọ òun kó fún òun mọ́ra dáadáa, Abẹ́rẹ́ á wò ó látòkè délẹ̀, á ní, "Aṣọ lè fún yín mọ́ra, ẹ sì lè máa mí. Ẹ mú ọ̀kan." Bí ọkùnrin kan bá ní ìbàdí òun ò tíì yí padà látìgbà tóun ti gbéyàwó, kò ní bá a jiyàn. Á kàn na téèpù yí i ká, á sì fi téèpù náà hàn án. Inú á bí wọn, wọ́n á lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn tó ń fi ẹnu dídùn ba aṣọ jẹ́, tó bá dìgbà díẹ̀ wọ́n á tún rọra yọjú padà, wọ́n á di aṣọ náà sínú ọ̀rá bí ẹni jí nǹkan gbé.

Ọkọ rẹ̀ ń tún aago ṣe nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Baba Aago ni wọ́n ń pè é. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá bá jáde nínú ilé wọn lóòjọ́, mẹ́sàn-án ààbọ̀ jẹ́ ti ìyàwó, ìlàjì tó kù sì ni "hùn-ún" tí Baba Aago ń sọ láì gbójú kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé láìjà, tọ́mọ wọn mẹ́ta fi dàgbà tí wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, iná tó ń darí ọkọ̀ ní oríta náà ti kú fún ọjọ́ mẹ́ta. Àgọ́ ọlọ́pàá bá rán kọ́púrù kan wá kó fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ tí iná ò ṣe mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ni, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ, ó sì fi gbogbo ara ṣe iṣẹ́ náà. Ó ń fọn fèrè, ó ń na apá, ó ń fi ìka méjì pe ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bí ẹni ń pe ọmọ àbúrò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń wò ó láti ojú fèrèsé. Iṣẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà wù ú. Sòkòtò tó wọ̀ ni ò wù ú.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ré kọjá, tí pákó kan já bọ́ látinú rẹ̀ sí àárín títì. Kọ́púrù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó gbé e. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ yẹn ni Abẹ́rẹ́ ti gbọ́ "fàà".

Kò sí aránṣọ tí kò mọ ohùn yẹn. Bí abiyamọ ṣe ń dá ẹkún ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín ogún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ ṣe ń dá aṣọ tó la mọ̀ láàárín ariwo ọkọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, ó jáde tòun ti téèpù lọ́rùn. Láti ìbàdí kọ́púrù títí dé ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pínyà, sòkòtò ìjọba ti ṣí sílẹ̀ bí ìlẹ̀kùn, pátá aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n ya ẹja wẹ́wẹ́ sí lára sì ń kí àwọn tó ń lọ.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó kọ́kọ́ ṣe dáadáa. Ó rìn lọ bá a, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Kọ́púrù ò wo ojú rẹ̀. "Màmá, ẹ kúrò lójú títì."

"Nǹkan pàtàkì ni."

"Mo ní ẹ kúrò lójú títì. Ẹ ò rí i pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

"Mo rí i," Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Gbogbo wa pátá la rí i."

Awakọ̀ kan tó ti dúró látìgbà tí fèrè ti dún yọ orí síta, ó ní, "Ọ̀gá, ẹja yẹn ṣì tutù àbí wọ́n ti dín in?" Ó fi ẹsẹ̀ tẹ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e bú sẹ́rìn-ín. Kọ́púrù ò mọ ohun tó fa ẹ̀rín, ó rò pé obìnrin tó dúró sẹ́yìn òun ló ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yíjú sí i, ó fajú ro.

"Màmá, kí lẹ ń sọ fún wọn?"

Ibẹ̀ ni sùúrù Abẹ́rẹ́ tán. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń sọ̀rọ̀ borí ariwo maṣíìnì, ohùn tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà dé òdìkejì oríta, ó tún bọ̀. "Ìdí sòkòtò rẹ ti la, ọmọ mi. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé àkàn ló rán an, mi ò ní jiyàn, torí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni rírán rẹ̀ ń rìn. Tí o bá ń wá ẹni tí o máa mú, lọ mú ẹni tó rán an."

Kọ́púrù fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ bá ẹja. Ká ní ó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn ni, ọ̀rọ̀ á ti tán. Ṣùgbọ́n ojú tì í débi pé etí rẹ̀ pọ́n, ìtìjú ọ̀dọ́ kì í sì í pẹ́ di ìbínú.

"Ẹ bú mi," ó ní.

"Mi ò bú ọ. Ibi tó ti la ni mo sọ."

"Ẹ tún ń sọ 'rẹ' àti 'ọ' fún mi nínú aṣọ ìjọba. Ìwọ̀sí sí ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Mo mú yín."

"Awakọ̀ tó béèrè ẹja ńkọ́?"

"Ìyẹn ti lọ."

Bí wọ́n ṣe mú Abẹ́rẹ́ nìyẹn, torí pé òun ni kò lẹ́sẹ̀ tó ń yára.

Àgọ́ ọlọ́pàá ò jìnnà, bí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n wàhálà wà nínú ọ̀nà náà. Bí kọ́púrù bá ṣíwájú, Abẹ́rẹ́ àti gbogbo ará àdúgbò á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá wà lẹ́yìn, àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ láti wòran á máa wò ó. Ó gbìyànjú kí wọ́n rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wá dà bí ẹni tó ń sin ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Níkẹyìn ó ṣí fìlà, ó fi bo ìdí, ó ń fi ọwọ́ kejì di apá Abẹ́rẹ́ mú. "Má di apá mi mú bẹ́ẹ̀," Abẹ́rẹ́ sọ fún un. "Di fìlà mú."

Sájẹ́ǹtì obìnrin kan ló wà nídìí káńtà. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, ó fi okùn so gíláàsì ojú kọ́rùn, kì í sì í kọ nǹkan tí kò bá dá a lójú. Ó ṣí ìwé ńlá, ó yọ ìdérí bírò.

"Kí ló ṣe?"

"Ó bú mi," kọ́púrù dáhùn.

"Kí ló sọ?"

Kọ́púrù wo òrùlé. "Ọ̀rọ̀ burúkú ni."

"Mi ò lè kọ 'ọ̀rọ̀ burúkú' sínú ìwé ìjọba. Mo fẹ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an."

Abẹ́rẹ́ ló gbà á sílẹ̀. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yọ àkàn sílẹ̀. Sájẹ́ǹtì ń kọ. Ó dúró.

"Ṣé 'ìdí' lẹ sọ, àbí 'ẹ̀yìn'?"

"Ìdí ni."

"Kọ́púrù, ṣé 'ẹ̀yìn' ò ní dára jù fún ọ? 'Ẹ̀yìn' níyì."

"Ẹ kọ èyí tí ó sọ, mà," kọ́púrù dáhùn pẹ̀lú ìrora.

"Ó dáa. 'Ìdí sòkòtò rẹ ti la.' Ṣé 'la' ni àbí 'ya'?"

"Ọ̀tọ̀ ni kí aṣọ la, ọ̀tọ̀ ni kó ya," Abẹ́rẹ́ ṣàlàyé. "Ojú rírán ló máa ń la. Aṣọ fúnra rẹ̀ ló máa ń ya. Aṣọ tiẹ̀ dáa o, ẹ má purọ́ mọ́ aṣọ."

Sájẹ́ǹtì kọ "la", ó fa ìlà sí i nídìí. Lẹ́yìn náà ó ní kí kọ́púrù yí ẹ̀yìn síbí, torí òun ò lè kọ nǹkan tí òun ò rí. Ó gbé gíláàsì wọ̀, ó wò ó, ó ń kọ, ó sì ń pè é síta bó ṣe ń kọ ọ́. "Ó la ní tòótọ́. Ẹja mélòó nìyẹn? Mẹ́rin. Àti ìrù ẹja karùn-ún."

Ọ̀gá àgbà àgọ́ náà gbọ́ "ìrù ẹja karùn-ún" láti inú ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbé ife tíì rẹ̀ jáde wá. Àgbàlagbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì ni, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí nǹkan kan ò yà lẹ́nu mọ́. Ó ka ohun tí sájẹ́ǹtì kọ, ó mu tíì díẹ̀, ó tún un kà.

"Màmá, ṣé ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí?"

"Mo sọ ọ́, sà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lóríta, mo rí ìdí ọmọ ìjọba níta. Ṣé kí n dákẹ́ ni?"

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ 'rẹ' àti 'ọ' fún un? Aṣọ tó wọ̀ yẹn, ó dàgbà ju èmi àti ẹ̀yin lọ."

Abẹ́rẹ́ ronú sí i, torí ìbéèrè náà dára. "Nígbà tí mo ń bá aṣọ sọ̀rọ̀, 'ẹ̀yin' ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ ṣí, ọmọ tí mo tó bí ni mo rí nínú rẹ̀. Òun ni mo sọ 'ìwọ' fún."

Sájẹ́ǹtì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ọ̀gá àgbà yíjú sí kọ́púrù. Ó ní ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n òun nìyí lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti bú imú òun, wọ́n ti bú orí òun, ẹnì kan tilẹ̀ bú ìrìn òun títí òun fi yí ìrìn padà. "Ká ní gbogbo wọn ni mo mú, ilé mi ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Èwo nínú òfin lo fi mú màmá yìí?"

Kọ́púrù dúró gbọnin, fìlà ṣì wà níbi tó wà. "Sà, mi ò mọ ojú ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n lọ báyìí, lọ́la gbogbo oríta ló máa máa bú wa. Tí wọ́n bá ti rí wa fín tán, tí mo bá fọn fèrè, ta ló máa dúró?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Abẹ́rẹ́ létí ju bó ṣe rò lọ. Ó rántí pé kí òun tó pariwo, ọkọ̀ mẹ́fà ló dúró jẹ́jẹ́ de ọwọ́ ọmọ yìí. Lẹ́yìn ariwo òun, kò sí èyí tó dúró mọ́. Ó ṣí ẹnu, ó tún pa á dé. Sájẹ́ǹtì tó ti mọ̀ ọ́n fún ọdún méjìlá wò ó bí ẹni rí òṣùpá lọ́sàn-án.

Ọ̀gá àgbà gbé ife kalẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹ lórí. Ó dáa, ká lọ sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n adájọ́ máa béèrè ẹ̀rí, sòkòtò sì ni ẹ̀rí. Bọ́ ọ."

Kọ́púrù rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Kò pẹ́ tí sòkòtò náà fi wà nínú àpò ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà lára, tí kọ́púrù sì jókòó sídìí káńtà nínú ẹ̀wù òjò aláwọ̀ yẹ́lò tó dé orúnkún, lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn sórí gbogbo ayé. Abẹ́rẹ́ náà lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, torí àga tó ti kán àti kẹ̀kẹ́ méjì tí wọ́n rí he ti kún àtìmọ́lé, kò sí àyè fún ènìyàn. Ó ń wo irin ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta láyé, ẹnikẹ́ni ò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sínú irú ìwé yẹn rí.

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n ni Baba Aago wọlé. Gíláàsì kékeré tó fi ń wo inú aago ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ó kí gbogbo ilé, ó sún mọ́ káńtà.

"Ẹ jókòó," kọ́púrù sọ fún un.

"Ìyàwó mi ni mo–"

"Mi ò tíì ní kí ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀. Mo mọ ìgbà tó yẹ kí n pè yín."

Baba Aago jókòó. Ó jókòó fún wákàtí kan gbáko. Ó wo aago ara ògiri, ó rí i pé ó fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá kẹ́yìn. Ó wo ọmọkùnrin tó wọ ẹ̀wù òjò nínú ilé. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ síwájú káńtà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tí àkọ́bí wọn ti gbéyàwó.

"Ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo ti ń tú aago. Mo ti rí èyí tó ń sáré, mo ti rí èyí tó ń sùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí èyí tí kò lọ́wọ́ rárá, tó sì ń dún 'kì-kì-kì' láàárọ̀ lálẹ́, tó dá a lójú pé òun mọ ìgbà. Látìgbà tí mo ti jókòó síbí ni mo ti ń wá ibi tí mo ti rí ọ rí."

Abẹ́rẹ́ di bẹ́ǹṣì mú.

"Ẹ gbọ́," kọ́púrù ní. "Òun náà bú mi. Ẹ kọ ọ́."

Sájẹ́ǹtì gbé bírò, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. "Kò dá mi lójú pé èébú ni. Ó ní o dún."

"Ó ní mi ò mọ ìgbà."

"Aago ni kò mọ ìgbà. Ìwọ, ó ní òun ń wá ibi tí òun ti rí ọ rí. Ìyẹn fẹ́ dà bíi pé ó fẹ́ràn rẹ."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ọlọ́pàá méjì tó ń bọ̀ láti ìta fi dá sí i, tí ọ̀kan ní èébú ni, tí èkejì ní òwe ni. Nínú ọ́fíìsì tó ti padà sí ni tíì ti pá ọ̀gá àgbà lórí. Nígbà tó jáde, ó ń nu ojú. Ó ní kí sájẹ́ǹtì sọ fún kọ́púrù iye oṣù tí wọ́n fi máa ń pa ẹ̀rí mọ́ kí ẹjọ́ tó parí.

"Oṣù mẹ́ta, sà. Mẹ́rin nígbà mìíràn."

"Sòkòtò iṣẹ́ mélòó lo ní?"

Kọ́púrù wo orúnkún ara rẹ̀, ó wo ojú títì, ó rí ara rẹ̀ lóríta náà fún oṣù mẹ́rin nínú ẹ̀wù yẹ́lò. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi, sà. Ó ti la lẹ́ẹ̀kan rí, lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ni mo rán an."

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè. Ó wá yé e pé kì í ṣe aránṣọ kan tí kò mọ iṣẹ́ níbì kan ni òun pè ní àkàn. Ẹni tó ni ìdí náà gan-an ni. Ó dìde, ó lọ sí ìdí káńtà, ó sì padà sí "ẹ̀yin" láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Ẹ̀yin lẹ rán an?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Òwú wo lẹ fi rán an?"

Kọ́púrù wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Okùn tí a fi ń yọ ẹran láàárín eyín. Òun ni mo rí nílé."

Ẹni tó bá mọ Abẹ́rẹ́ á rí i pé ó ń bá ara rẹ̀ jà. "Ẹ gbọ́," ó ní níkẹyìn. "Mo tọrọ àforíjì pé mo pariwo ẹ̀ láàárín èrò. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àkàn náà, mo fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ti okùn eyín yìí, mi ò lè dárí jì yín."

"Ẹ ṣé, màmá," kọ́púrù dáhùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó fi kún un pé, "Kò yẹ kí n mú yín. Inú ló bí mi."

Ọ̀gá àgbà fi rúlà fa ìlà gbọọrọ la ojú ewé náà kọjá. Ó ní èébú lè ba ojú ọjọ́ jẹ́, ó lè ba orúkọ ẹni tó bú ènìyàn jẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wò sàn. Ẹni tí wọ́n bá rí fín lóríta, kó fọn fèrè rẹ̀ kó le sí i. Sájẹ́ǹtì ò jẹ́ kí wọ́n gba sòkòtò jáde nínú àpò ìwé títí kọ́púrù fi fọwọ́ sí i níbi mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ wá yọ abẹ́rẹ́ kan tó gún mọ́ igun àyà aṣọ rẹ̀, ó tú òwú dúdú nínú àpò, ó jókòó padà sórí bẹ́ǹṣì náà, ó sì rán sòkòtò ìjọba ní ìlọ́po méjì, nígbà tí Baba Aago gun àga kan tó sì ń tún aago ògiri wọn ṣe láì jẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá àgbà gbé òfin kan kalẹ̀ ní àgọ́ yẹn. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ mú ènìyàn nítorí èébú, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èébú náà láìyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, kó sì kà á sókè níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá. Kò tíì sẹ́ni tó kọ nǹkan kan.

Kọ́púrù ṣì wà lóríta, torí iná ò tíì jí. Ọkọ̀ tún ti ń dúró dè é. Ó máa ń kí Abẹ́rẹ́ láàárọ̀ láti àárín títì, Abẹ́rẹ́ náà á dá a lóhùn pẹ̀lú "ẹ̀yin", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kì í kúrò lára sòkòtò náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan kọ́púrù yà sí ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe sọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́, yàrá ẹ̀yìn ló wọ̀ lọ. Ó dúró níwájú tábìlì Baba Aago, ó ṣí fìlà.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, mo ti rò ó títí. Ọ̀rọ̀ aago tí kò lọ́wọ́ yẹn, kí lẹ ní lọ́kàn?"

Baba Aago yọ gíláàsì lójú. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó fara balẹ̀ ronú.

"Aago ni," ó ní.

Kọ́púrù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé fìlà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.